Etí Kò Ní Ìlẹ̀kùn

Ní Ṣómólú, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n
ni mo fi dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé,
etí ọ̀tún sí irin, etí òsì sí oníbàárà.
Mo tẹ ìwé ìgbéyàwó, mo tẹ ìwé ìsìnkú,
mo tẹ kàlẹ́ńdà fún ilé-ìwé kan
tí kò tíì san owó mi tán títí dòní.
Èrè tí mo jẹ ni ariwo tín-ín-rín kan
tó ń hó nínú etí ọ̀tún,
bí ìgbà tí kẹ́tùlù ń hó ní yàrá ẹlòmíràn.
Mo ti mọ̀ ọ́n lára. A jọ ń gbé ni,
bí ayálégbé tí kì í bèèrè nǹkan.

Àfi òru Ọjọ́rú yẹn.
Wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́.
Jẹnẹrétọ̀ ọ̀gbẹ́ni Bámigbóyè wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.
Àdúgbò dákẹ́ fẹ́ẹ́.
Nǹkan tó wà nínú orí mi ni kò dákẹ́.
Ó dìde.
Kì í ṣe kẹ́tùlù mọ́: irin ló ń lọ irin,
abẹ tí a fi ń gé pépà, tí kò rí epo.

Mo rò pé ìta ni.
Mo yọ wáyà fíríìjì tí kò ní iná.
Mo gbé etí lé ògiri. Mo jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì,
ọlọ́dẹ na tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú,
mo bi í pé, "Kí ló ń ké?"
Ó ní, "Bàbá, kò sí nǹkan tó ń ké."

Ojú ní ìpéǹpéjú. Ẹnu ní ètè.
Etí nìkan ni Ẹlẹ́dàá gbàgbé láti kan ilẹ̀kùn fún.
Mo fi ìka dí i:
mo ti olè mọ́lé ni.

Mosúnmọ́lá jí, ó bá mi lórí àga,
mo ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe,
èmi tí mi ò sunkún níbi òkú bàbá mi.
Mo ní, "Bó bá jẹ́ báyìí ló máa wà títí ńkọ́?"
Kò ní kí n gbàdúrà. Kò ní ó máa lọ.
Ó ní, "Títí ti pọ̀ jù fún òru kan.
Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná."
Ó wọ balùwẹ̀, ó ṣí ẹ̀rọ omi díẹ̀,
tó, tó, tó, sínú ike,
ó ní kí n máa tẹ̀lé ìyẹn.
Mo ka igba ó lé mọ́kànlá kí oorun tó jí mi gbé.

Dókítà obìnrin kan ní Ìdí-Àrábà
ní òun ò ní purọ́ fún mi,
òun ò lè yọ ọ́ bí ẹni yọ ẹ̀gún.
Ó ní ẹ̀rù ló ń bọ́ ọ, ẹ̀rù àti àìsùn.
Mo bínú sí i láti ibẹ̀ dé Ojúẹlẹ́gba.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án, mi ò ṣíṣẹ́.
Mo jowú ewúrẹ́ tó sùn sẹ́nu gọ́tà.
Ọjọ́ kẹwàá, Jìnádù ọmọ iṣẹ́ mi
kò pariwo "Ọ̀gá!" láti ẹnu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe.
Ó kọ ọ́ sẹ́yìn pépà tó bàjẹ́:
"Ọ̀gá, ṣé ó ti rọlẹ̀?
Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá kó ìwé ìdúpẹ́ yẹn.
Mi ò mọ bí ẹ ṣe ń po àwọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Mo fi òwú dí etí, mo lọ.
Yẹ́lò púpọ̀, búlúù díẹ̀,
dúdú tí kò tó orí abẹ́rẹ́.
Mo ń wo bí ó ṣe ń fà lórí irin.
Nígbà tí mo fi máa rántí etí mi, àwọ̀ ti dé.
Mo tẹ́tí. Ó wà níbẹ̀, ó ń ké bí ti àná.
Ṣùgbọ́n mo ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀
fún ìwọ̀nba ìgbà tí àwọ̀ kan fi ń jinná.

Bí mo bá ní ó ti tán, Mosúnmọ́lá á já irọ́ mi.
Òru mìíràn wà tó ń dìde,
èmi náà á dìde, a ó jọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì
bí ọmọ ìyá méjì tó ń jà sí ogún.
Ẹ̀rọ omi ń kán ní balùwẹ̀.
Owó omi ti lé.
Mi ò tíì ní kí ó tì í.